Ọba Mẹ́ta Lọ́wọ́ Mi

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí ọ̀kan nínú wa, tó jẹ́ akọ̀ròyìn, sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Ẹgbẹ́da)

  

Nígbà tí akọ̀wé wa fóònù mi, ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń ṣe ìpinnu. Mo ní ó dára. Mi ò sọ fún un pé tẹ́tẹ́ ni mo máa fi ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń wò mí báyìí! Akọ̀wé, ẹ má bínú. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin alfa tó wà láàárín wa, ẹ fara balẹ̀, mi ò wá kọ́ ẹnikẹ́ni ní tẹ́tẹ́ títa. Ṣùgbọ́n ní Alímọ̀ṣọ́ wa yìí, láti Ìkòtún dé Ìgàndó, kò sí òpópónà tí èèyàn máa rìn tí kò ní rí ìsọ̀ tẹ́tẹ́. Bí àwa kò bá sọ ọ́ níbí, àwọn ọmọ wa á sọ ọ́ fún ara wọn lọ́nà mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ilé. Ní kíláàsì wa, wọ́ọ̀tù la máa ń ta bí olùkọ́ bá ti jáde. (Ọ̀gá tó gba páálí wọ́ọ̀tù mẹ́ta lọ́wọ́ wa láàárín ọdún kan wà níbí lónìí. Sà, a ti dárí jì yín.) Nínú wọ́ọ̀tù, káàdì rere kì í pa ẹni tó mú un lára. Bí ogún bá wà lọ́wọ́ rẹ, inú rẹ á dùn, ó parí. Kò sí ẹni tó máa ní kó o san owó kó o tó jù ú sílẹ̀. Ayò ọlọ́pọ́n tí àwọn bàbá wa ń ta tún yàtọ̀ sí èyí: ihò méjìlá, ọmọ ayò 48, gbogbo rẹ̀ ló wà níta gbangba. Bí ọ̀ta bá kó odù jọ sí ilé kan, ọ̀pẹ tó jókòó níwájú rẹ̀ ń rí i. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, àìmọ ayò ló jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́, kì í ṣe pé wọ́n fi nǹkan pamọ́ fún un.

Póòkà kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú póòkà, ẹni tí káàdì rẹ̀ burú kì í sábà pàdánù púpọ̀. Á jù ú sílẹ̀ kíákíá, á máa wo àwọn tó kù. Ẹni tí káàdì rẹ̀ dára gan-an, tí ti ẹlòmíràn wá fi díẹ̀ dára ju tirẹ̀ lọ, òun ni wọ́n máa ń gbá àpò rẹ̀ mọ́ féfé. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè tó le jù lórí tábìlì póòkà kì í fi í ṣe pé kí ni mo máa ṣe sí káàdì burúkú. Ìbéèrè náà ni pé: káàdì tó dára yìí, ṣé kí n dà á sílẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n yára ṣàlàyé. Oríṣi tí wọ́n ń ta jù ní kasínò ni wọ́n ń pè ní Texas Hold'em. Káàdì 52 ló wà nínú páálí. Oníkálukú á gba méjì, á dojú wọn dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí márùn-ún sí àárín tábìlì tí gbogbo èèyàn jọ ni ín: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ẹyọ kan, lẹ́yìn náà ẹyọ kan tó kẹ́yìn. Nínú méje yìí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ti máa mú márùn-ún tó dára jù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń fi owó sílẹ̀: kí káàdì àárín tó jáde, lẹ́yìn mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìkẹrin, àti lẹ́yìn ìkarùn-ún. Bó bá kàn ọ́, o lè san iye tí ẹnìkejì san, o lè fi kún un, o sì lè da káàdì rẹ sílẹ̀ kó o gbàgbé owó tó o ti san. Bí gbogbo èèyàn bá sá fún ọ, ìwọ lo ni owó àárín, kò sì sí ẹni tó lè ní kó o ṣí káàdì rẹ. Bí ẹ bá ku méjì dé òpin, ẹ ó ṣí i.

Káàdì mẹ́ta onírú kan dára. Márùn-ún tó tò tẹ̀lé ara wọn, bíi 7, 8, 9, 10, J, dára jù ú lọ. Márùn-ún tó ní àmì kan náà tún ju ìyẹn lọ. Mẹ́ta onírú kan pẹ̀lú méjì onírú mìíràn tún lé gbogbo wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, á wúlò láìpẹ́.

Ní 2021, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní kí n lọ wo àwọn tó ń sùn sí kasínò ní Victoria Island, kí n kọ ìròyìn nípa wọn. Owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n fún mi. Ojú kòkòrò ló ṣe mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi tí mo ti ń ta póòkà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ láti ìgbà tí mo wà ní Poli, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo mú ₦150,000 dání. Nínú owó ilé ni, owó tí èmi àti ìyàwó mi ń dá jọ fún yàrá méjì kan ní Akọ̀wọ́njọ. (Ìyàwó mi jókòó síbẹ̀ yẹn. Ó ti gbọ́ ọ tipẹ́, ó sì ti dá sẹ̀ríà tó yẹ fún mi.)

Bàbá kan jókòó kọjú sí mi. Ó dé fìlà, omi nìkan ló ń mu. Fún bí wákàtí mẹ́ta tí mo fi wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló fi owó lé owó ẹlòmíràn, ìgbà méjèèjì ló sì ṣí káàdì tó mú gbogbo tábìlì dákẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n fún mi ní ọba méjì. Èèyàn mẹ́ta la san ₦4,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, owó àárín di ₦12,000. Wọ́n ṣí mẹ́ta àkọ́kọ́: ọba tó ní àmì ọkàn, 9 tó ní àmì ọkàn, 8 dúdú. Ọba mẹ́ta lọ́wọ́ mi! Mo fi ₦9,000 sílẹ̀. Ẹnì kan sá. Bàbá san. Owó àárín di ₦30,000. Ìkẹrin jáde: 7 tó ní àmì ọkàn. Mo fi ₦15,000 sílẹ̀. Bàbá rọra ka owó rẹ̀, ó sọ ọ́ di ₦45,000.

Ó yẹ kí etí mi ta gùn-ún níbẹ̀. Àmì ọkàn ti di mẹ́ta lórí tábìlì. Ẹni tó bá ní ọkàn méjì lọ́wọ́ ti jẹ mí. 7, 8 àti 9 ti tò sílẹ̀. Ẹni tó bá ní 10 àti J ti jẹ mí. Ṣùgbọ́n mo ṣì ní ìrètí kan. Bí káàdì ìkẹyìn bá jẹ́ 9, tàbí 8, tàbí 7, tàbí ọba tó kù, ti èmi ló máa lé gbogbo wọn. Káàdì mẹ́wàá ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi nínú 46 tí mi ò tíì rí. Mo san ₦30,000 tó kù. Títí dòní mi ò kábàámọ̀ ìyẹn.

Ìkẹyìn jáde: 3 dúdú. Kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Owó àárín ti di ₦120,000, ₦58,000 nínú rẹ̀ ló ti àpò mi jáde. Bàbá ti ₦80,000 síwájú, ó sì gbé ife omi rẹ̀ sẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká dá ìtàn dúró níbí ná, torí ibí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí ọkàn mi ni ₦58,000 yẹn. Mo ń sọ fún ara mi pé, ṣé kí n wá fi gbogbo owó mi sílẹ̀ báyìí? Ẹ gbọ́ o: owó yẹn kì í ṣe tèmi mọ́. Láti ìgbà tí mo ti tì í síwájú ló ti di ti ẹni tó bá jẹ. Bí mo bá fi ₦80,000 lé e kí n lè lọ bá ₦58,000, ọ̀nà tí wọ́n fi ń pàdánù ₦138,000 nìyẹn. Omi ló dànù, agbè ò tíì fọ́. ₦92,000 ṣì wà níwájú mi.

Ìbéèrè tó tọ́ ni iye tí wọ́n ń ta ọjà náà fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ta Bàbá Ìjẹ̀bú (ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ yín), ẹ jẹ́ ká fi tiyín ṣe é. Nọ́ńbà 90, márùn-ún ló ń jáde. Bí o bá mú méjì pé wọ́n á jáde pọ̀, ọ̀nà 4,005 ni èèyàn lè gbà mú nọ́ńbà méjì nínú 90, 10 péré ló wà nínú márùn-ún tó jáde. Ìyẹn túmọ̀ sí pé, nínú nǹkan bí ìgbà 400, ẹ̀ẹ̀kan ló máa wọlé. Kí ni wọ́n ń san? ₦240 lórí ₦1. Ọjà tó yẹ kí wọ́n san 400 lé lórí, 240 ni wọ́n ń san. Ẹni tó bá jẹ lónìí lè jó yí àdúgbò ká, ìṣirò yẹn kò yí padà.

Ti bàbá yìí ń kọ́? ₦80,000 ni mo máa san láti jẹ ₦200,000, ìyẹn ₦120,000 àárín àti ₦80,000 tirẹ̀. (Ẹ jẹ́ ká gbàgbé iye tí kasínò máa ń yọ nínú rẹ̀.) Bí irú ọ̀ràn yìí bá ṣẹlẹ̀ ní ìgbà méje, tí mo san ní ìgbà méjèèje, tí mo jẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo jẹ ₦400,000. Mo pàdánù ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ₦400,000 náà ni. Ó dọ́gba. Nítorí náà, kò pọn dandan kí ó dá mi lójú pé mo máa jẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì nínú méje ti tó. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n rò pé a gbọ́dọ̀ dà á sílẹ̀ bí ó bá ti jọ pé wọ́n ti jẹ wá. Rárá o. Bí ọjà bá pọ̀ tó níwájú rẹ, o lè san owó láti lọ pàdánù rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kó o sì tún wà lójú ọ̀nà.

Èyí tó kàn ni kí n ka ohun tí bàbá lè ní lọ́wọ́. Mi ò ṣe gbogbo rẹ̀ tán níbẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí; ilé ni mo ti jókòó tì í pẹ̀lú bíróò. Káàdì rere tí mo lè jẹ: bó bá ní 9 méjì, tàbí 8 méjì, tàbí 7 méjì. Ọ̀nà mẹ́ta mẹ́ta ni èyíkéyìí nínú wọn lè gbà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àpapọ̀ 9. Èyí tó máa jẹ mí: 10 àti J, ọ̀nà 16. Ásì ọkàn pẹ̀lú ọkàn mìíràn, ọ̀nà 9. Ká tiẹ̀ fojú fo àwọn ọkàn kéékèèké tó kù. 9 nínú 34. Ẹ̀ẹ̀mejì nínú méje jẹ́ 10 nínú 35. Ẹ rí i bó ṣe sún mọ́ra! Bí mo bá fi irọ́ kan ṣoṣo kún ohun tó lè wà lọ́wọ́ bàbá, káàdì òfìfo kan péré tó fi ń dẹ́rù bà mí, ó di 10 nínú 35, ó dọ́gba pátápátá.

Bí ìṣirò ṣe mú mi dé ẹnu ọ̀nà tó wá já mi jù síbẹ̀ nìyẹn. Ohun tó kù kì í ṣe ìṣirò mọ́. Ṣé bàbá yìí lè purọ́?

Àwọn tó mọṣẹ́ jù mí lọ ti kọsẹ̀ níbẹ̀. Ní 2003, ní ìdíje àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Las Vegas, èèyàn 839 ló bẹ̀rẹ̀, ó ku méjì. Ọ̀kan ni Sam Farha, ògbólógbòó tó ń fi póòkà jẹun. Èkejì ni Chris Moneymaker, akáúńtáǹtì láti Tennessee, tí kò tíì jókòó nídìí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ rí. Farha ní 9 méjì, tó jẹ́ pé òun ló ga jù nínú ohun tó so mọ́ káàdì àárín. Moneymaker kò ní nǹkan kan, ọba kan ṣoṣo tí kò ní èkejì. Ó ti gbogbo owó rẹ̀ sáàárín. Farha wò ó títí, ó bi í bóyá káàdì tó ń retí kò jáde fún un ni. Ọmọkùnrin náà dákẹ́ bí òkúta. Farha da káàdì tó dára jù sílẹ̀. Moneymaker ló gba 2.5 mílíọ̀nù dọ́là níkẹyìn.

Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí kò sí ẹni tó lè sá. Nínú ìdíje kan náà, ní 2008, Motoyuki Mabuchi ní ásì mẹ́rin. Ásì mẹ́rin o! Justin Phillips tó jókòó pẹ̀lú rẹ̀ ní ásì, ọba, ayaba, J àti 10, gbogbo wọn ní àmì dáyámọ́ńdì, ohun kan ṣoṣo tó ga jù nínú póòkà. Ásì dáyámọ́ńdì tó wà lórí tábìlì, òun kan náà ló parí ti àwọn méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun ì bá da ásì mẹ́rin sílẹ̀, ẹ sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Mi ò rò pé Mabuchi ṣe àṣìṣe kankan. Ó kàn pàdánù ni. Ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn ṣìṣe, ọ̀tọ̀ ni kó pàdánù, àwa ní ilẹ̀ yìí kì í sì í fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó jẹ, a ní ó gbọ́n. Ẹni tó pàdánù, a ní a ti sọ fún un.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí mo bá sọ ohun tó kàn yìí, nítorí òun gan-an ni mo ń rò nígbà tí ₦80,000 bàbá yẹn wà níwájú mi. Kì í ṣe Moneymaker. Ìgàndó ni ọkàn mi lọ.

Ọmọkùnrin kan wà ní Ìgàndó tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Òun ló ń bá mi tún tèmi ṣe nígbà náà, Ẹ̀gbọ́n ló sì máa ń pè mí. Ní 8 May, 2019, a jọ wà ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Ajax ń gbá Tottenham lálejò ní Amsterdam, ìdíje Champions League, ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ó ti fi ₦500 ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù mẹ́jọ. Méje ti wọlé. Ó ku kí Ajax borí, ₦186,000 á bọ́ sí i lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa lọ sinmi, Ajax ti jẹ góòlù méjì, Tottenham kò tíì jẹ nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ayé òde òní mọ cash out. Ilé tẹ́tẹ́ á ní, gba iye báyìí nísinsìnyí, ká gbàgbé ìyókù. ₦145,000 ni wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ṣé ẹ rí i pé ìbéèrè kan náà ni? Káàdì rẹ̀ dára, ó dára gan-an. Ṣé kó dà á sílẹ̀, kó gba ohun tó wà nílẹ̀? Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gbà á?"

Èmi ọ̀mọ̀wé póòkà ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. 145 nínú 186, ìyẹn 78 nínú ọgọ́rùn-ún. Ajax tó ń fi 2 sí òdo lọ sinmi ní ilé ara rẹ̀, mo ní wọ́n á borí ju ìgbà 78 lọ nínú 100. Owó tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ kò tó. Mo ní, "Dúró."

Lucas Moura jẹ ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 55. Ó jẹ èkejì ní ìṣẹ́jú 59. Ó di 2 sí 2. Bí bọ́ọ̀lù bá parí bẹ́ẹ̀, Ajax ń lọ sí àṣekágbá, torí wọ́n ti jẹ 1 sí òdo ní London. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ọmọkùnrin yìí ní kí wọ́n borí lọ́jọ́ náà ni. Owó tó wà lójú fóònù rẹ̀ ń wálẹ̀ bí omi inú garawa tó jò. Kò gbà á. Kò tún wo ojú mi béèrè mọ́. Nígbà tí ìṣẹ́jú 90 ti kọjá, Moura jẹ ẹ̀kẹta. Ẹ̀yin tí ẹ wo bọ́ọ̀lù yẹn rántí bí àwọn ọmọ Ajax ṣe wó lulẹ̀ sórí pápá.

Ìṣirò mi kò ṣìnà. Títí di òní, bí ẹ bá fi ìbéèrè yẹn lọ̀ mí gẹ́gẹ́ bí ìṣirò, ìdáhùn kan náà ni mo máa fún yín. Ohun tí mi ò bi í ni pé, kí ló fẹ́ fi owó náà ṣe? Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé owó ilé rẹ̀, ₦120,000 fún ọdún kan, ti kọjá àkókò, onílé sì ti fún un ní ọjọ́ méje. ₦145,000 ì bá san án, ì bá tún ṣẹ́kù. Fún ilé tẹ́tẹ́, ₦145,000 kéré sí ohun tó yẹ kí wọ́n san. Fún ọmọkùnrin yẹn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, orí òrùlé ni. Oṣù mẹ́rin ló fi sùn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láàárín àwọn jẹnẹrétọ̀ àti òórùn epo bẹntiróò. Kò bú mi lọ́jọ́ kan. Ó ṣì ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ padà wá sí tábìlì wa. Bí mo ṣe ń wo bàbá yẹn, ohun kan yé mi tí kò yé mi láti ìrọ̀lẹ́. Mo ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń purọ́. Òun náà ti ń wo tèmi fún wákàtí mẹ́ta. Ó ti rí mi tí mò ń ka owó mi ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ó ti rí aṣọ mi, bàtà mi, bí mo ṣe ń gbé ọwọ́ lé owó náà bí ìyá tó gbé ọwọ́ lé ọmọ. Bó bá fẹ́ purọ́ fún ẹnikẹ́ni lórí tábìlì yẹn, èmi ni. Ẹni tó fi owó ilé jókòó ti tẹ́tẹ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti jẹ ẹ́, torí kò lè dúró nígbà tó yẹ kó dúró. Àwọn àgbà ní akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní ń bá ogun lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ìsá nìkan ni owó rẹ̀ gbà láyè, kí ló wá ṣe lójú ogun?

Mo da ọba mẹ́ta sílẹ̀. Mo dojú wọn dé, mo tì wọ́n síwájú. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo sọ òtítọ́ fún yín, kì í ṣe 9 nínú 34 ló jẹ́ kí n dà á sílẹ̀. Ká ní owó tí mo lè pàdánù ni, bóyá mi ò bá ti san, kò sì sí ẹni tó máa lè bá mi wí. Mo dìde kíá, mo gba owó mi, ₦92,000, mo jáde.

Bàbá náà jáde lẹ́yìn mi láti wá mú afẹ́fẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà lọ́wọ́ yín?" Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, o ò san owó láti rí i." Ó wọlé padà.

(Ẹ jẹ́ kí n fi èyí sí àárín kí àwọn lọ́yà wa má bàa bi mí. Ìjọba ti ń bá ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ jà tipẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Ní 1977, ìjọba ológun fi òfin de ẹ̀rọ kalokálò. Ní 22 November, 2024, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé òfin lọ́tìrì ti 2005, ó ní ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Èkó, bí ẹ bá ní ẹjọ́, Aláùsá ni kí ẹ kó o lọ.)

Ilẹ̀ ti ń mọ́ nígbà tí mo dé Ẹgbẹ́da. Ìyàwó mi ti jí. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Kò pariwo. Ó ka owó náà, ó tún un kà, ó ní iye tó kù tí a máa tún fi oṣù mélòó dá jọ. Oṣù mẹ́ta ni. A pẹ́ kí a tó kó lọ sí Akọ̀wọ́njọ, onílé sì ti fi owó kún un kí a tó dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo lọ sí Ìgàndó, sí ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin yẹn. Jẹnẹrétọ̀ kò bàjẹ́. Mo kàn lọ ni. Mo jókòó lórí táyà, mo ro ìtàn náà fún un, káàdì kan lẹ́yìn òmíràn, mo fi òbírí rẹ̀ tò wọ́n sílẹ̀ nítorí pé òun kò mọ póòkà. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí wá ni bàbá yẹn ní?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó mi orí. Ó gbé sípánà rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní ká ní òun ni, òun ì bá san ₦80,000 yẹn, kí òun ṣáà rí i.

 Bí ìbéèrè bá wà, ẹ jẹ́ ká yára gbà á kí ìrẹsì tó tutù. Akọ̀wé, ẹ̀yin ni mo rí tí ẹ kọ́kọ́ nawọ́.